Ẹni Tí Wọn Kì Í Bi Lẹ́ẹ̀mejì

Bí ènìyàn bá fẹ́ kí inú Olúdàpọ̀ dùn, kó bi í bí ẹ̀rọ agbéniròkè ṣe ń ṣiṣẹ́. Aufzug ni àwọn ará Hamburg ń pe ẹ̀rọ náà, títún un ṣe sì ni iṣẹ́ tí Olúdàpọ̀ fi ń jẹun láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri títí tó fi funfun bí òwú. Kò kọ́ ọ nílé ìwé. Ilẹ̀ ló ń gbá nínú ilé gogoro kan ní àdúgbò Wilhelmsburg ní Hamburg nígbà náà, ìgbàkígbà tí àwọn tó ń tún Aufzug ṣe bá sì dé, á fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, á bá wọn gbé tọ́ọ̀ṣì dání, á máa bi wọ́n ní ìbéèrè títí wọn á fi bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn ní kó kúkú wá máa bá àwọn ṣiṣẹ́.

Ohun tó máa ń sọ fún àwọn onílé ni pé ẹ̀rọ kì í ṣàdédé bàjẹ́. Àìbojútó ló ń bà á jẹ́. Tí àsìkò àyẹ̀wò bá tó, tí onílé kan bá ní, "Ó ṣì ń lọ dáadáa, ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀," Olúdàpọ̀ á wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọdé tó fẹ́ ki ọwọ́ bọ iná.

Ọkùnrin yìí kan náà ló purọ́ fún ọmọ rẹ̀.

Irọ́ náà kò tóbi lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tó pa á. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní St. Georg, àwọn àgbààgbà mélòó kan sì ń dúró de àyè lẹ́yìn rẹ̀. Fóònù rẹ̀ dún. Ìtùnúolúwa ni, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n bí sí Hamburg, tó wá ń bá Lukas ọkọ rẹ̀ gbé ní Berlin. Oyún àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀. Nítorí pé ọwọ́ onígbàjámọ̀ ti wà lórí rẹ̀, Olúdàpọ̀ fi fóònù sórí sípíkà, ó gbé e lé itan.

"Dádì, ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní kí gbogbo ẹni tó máa gbé ọmọ yìí gba abẹ́rẹ́ Keuchhusten. Ikọ́ líle yẹn, tí ọmọ tuntun ò ní rí èémí fà. Lára àgbà, ó lè dà bí ikọ́ lásán, àmọ́ àgbà ló máa ń kó o ran ọmọ. Wọ́n ní ẹni tó bá ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti gbà á gbọ́dọ̀ tún un gbà. Mọ́mì ti gba tiwọn. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ láti gbọ́ ohun tí bàbá máa sọ. Bọ̀wálé ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti àdúgbò Veddel, tó ń ka nǹkan lórí fóònù tirẹ̀, gbójú sókè.

"Èmi?" ni Olúdàpọ̀ wí. "Ṣé èmi ni wọ́n máa rán létí irú nǹkan báyẹn? Mo ti gbà á."

"Ó ti tó! Ẹ ṣeun gan-an, Dádì."

Àwọn àgbààgbà patẹ́wọ́ fún un. Ọ̀kan ní bàbá àgbà tó mọ nǹkan lèyí.

Bẹ́ẹ̀ kò sí abẹ́rẹ́ kankan tó gbà. Àpá abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílùú Iléṣà ṣì wà ní apá rẹ̀, roboto bí ojú owó kọ́bọ̀, ó sì ti gbà látìgbà náà pé ẹni tó bá ti ní àpá yẹn ti gba abẹ́rẹ́ ayé rẹ̀ tán. Lójú tirẹ̀, nǹkan ọmọdé ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, àfi tí ènìyàn bá ń lọ sílé ní Nàìjíríà. Dókítà rẹ̀ ti bá a sọ̀rọ̀ nípa àwọn abẹ́rẹ́ tó yẹ ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Olúdàpọ̀ ní kó di lẹ́yìn Kérésìmesì. Ó sì ti pẹ́ tí Kérésìmesì yẹn ti lọ.

Ní òótọ́, ó pinnu pé lọ́jọ́ Ajé òun á lọ gbà á, kí irọ́ náà lè di òótọ́ kí ó tó tutù. Ní ọjọ́ Ajé, Aufzug kan há ní Veddel, ìyá arúgbó kan wà nínú rẹ̀, ó sáré lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, nǹkan mìíràn tún dé. Nígbà tí Dúnní ìyàwó rẹ̀ ń di ẹrù láti lọ dúró ti ọmọ ní Berlin, ó bi í pé, "Bàbá Ìtùnú, ìgbà wo lẹ gba abẹ́rẹ́ yẹn tí mi ò mọ̀?" Ó ní, "Ìgbà tí o wà níbi iṣẹ́." Irọ́ kì í dá gbé, ó máa ń ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀.

Ọmọ náà sì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀. Obìnrin ni.

Òun àti Bọ̀wálé ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìsọmọlórúkọ. Bọ̀wálé ti wọ agbádá, ó wá fi jákẹ́ẹ̀tì òtútù lé e, ó rí bíi páálí ẹrù tí wọ́n dì láìdì tán.

"Má wò mí," ni Bọ̀wálé wí bó ṣe ń jókòó. "Ìwọ lò ń lọ rí ọmọ-ọmọ, èmi ni mo múra. Kí lo ní kí n ṣe?"

Olúdàpọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ló jáde. Ikọ́ gbígbẹ kan ti ń hà á lọ́fun láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà.

"Ikọ́ kí lèyí?"

"Afẹ́fẹ́ odò ni. Elbe."

"Ó ti pẹ́ tí Elbe ti ń fẹ́ sí wa. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ọ̀nà ọ̀fun ẹ?" Bọ̀wálé tú ẹ̀pà, ó bù fún un. "Ìwọ tiẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́, kò sí wàhálà. Èmi ni mi ò gbà á. Dàpọ̀, kí n má parọ́ fún ẹ, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí ju ẹ̀rù ìyàwó mi lọ. Tí Ìtùnú bá bi mí, ohun tí mo máa sọ fún un nìyẹn. Bó bá fẹ́ kó fi mí sí bálíkónì."

Ọ̀rọ̀ náà gòkè dé ẹnu Olúdàpọ̀: èmi náà ò gbà á. Ó fi ẹ̀pà gbé e mì. Oko àti igbó ń sá kọjá lójú fèrèsé, Bọ̀wálé sì ti bọ́ sórí ìtàn mìíràn.

Ilé tí Ìtùnú ń gbé ní Berlin ga, Aufzug rẹ̀ sì ti dàgbà díẹ̀. Bí wọ́n ti wọlé sí i, Olúdàpọ̀ fi etí lé ògiri. Kò lè ṣe kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

"Gbọ́ ọ? Ó ń rọra kọrin. Wọ́n ń tọ́jú ẹ̀."

"Tí okùn ẹ̀ bá wá já nísinsìnyí ńkọ́?" ni Bọ̀wálé wí, ó di ògiri mú.

Inú Olúdàpọ̀ dùn, ó gbàgbé gbogbo nǹkan. "A ò ní já bọ́. Lábẹ́ ẹsẹ̀ wa yìí, irin kan wà tó ní eyín bíi ti ayùn. Kì í ṣe iṣẹ́ kankan. Ó lè wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́lé, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan rí. Àmọ́ lókè pátápátá, kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà tó ń bá wa yí. Lọ́jọ́ tí okùn bá já, tí àpótí yìí bá sáré jù, kẹ̀kẹ́ yẹn á há, á fa irin abẹ́ yìí, eyín ẹ̀ á gé ojú irin ara ògiri mú, gbà! A ó dúró síbẹ̀."

"Kò ṣe nǹkan kan títí dọjọ́ tí wọ́n bá nílò ẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn."

"Tí ẹnì kan ò bá wá yẹ̀ ẹ́ wò ńkọ́?"

"Ó máa dípẹtà. Àwọn tó wà nínú Aufzug á máa rò pé àwọn ní ohun tó ń ṣọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Aufzug dúró, ilẹ̀kùn ṣí.

Ìtùnú ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún wọn, ojú rẹ̀ wú fún àìsùn, ayọ̀ sì kún inú rẹ̀. Ó gbá bàbá rẹ̀ mọ́ra. Ó wá yíjú sí Bọ̀wálé, tí ó máa ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè.

"Dádì Tọ́pẹ́, ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ má bínú o, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ náà ló fà á. Ṣé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ Keuchhusten?"

Bọ̀wálé fi ọwọ́ gbo ọrùn. "Rárá, ọmọ mi. Mi ò ní tàn ẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, sà. Ẹ má bínú, ẹ máa jókòó lápá fèrèsé lọ́hùn-ún. Ẹ ò kàn ní lè gbé e ni."

Ó fi àga sí apá fèrèsé, tó jìnnà sí ibi tí wọ́n tẹ́ nǹkan ìsọmọlórúkọ sí. Bọ̀wálé la àárín yàrá kọjá, agbádá rẹ̀ ń gbá àga lọ́tùn-ún lósì, gbogbo ojú sì ń tẹ̀ lé e. Lọ́lá, ọ̀rẹ́ Ìtùnú tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, kò lè pa á mọ́ra.

"Ah, Dádì Tọ́pẹ́! Abẹ́rẹ́ ṣíún? Pẹ̀lú gbogbo agbádá yìí?"

"Agbádá kì í gba abẹ́rẹ́, Lọ́lá. Èmi tó wà nínú ẹ̀ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìtùnú náà rẹ́rìn-ín, ó wá fi ọwọ́ lé bàbá rẹ̀ léjìká. "Dádì tèmi ti gbà á kí n tó bi wọ́n rárá. Àpẹẹrẹ ni mò ń fi wọ́n ṣe fún àwọn ènìyàn." Ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì fún ìyá Lukas, ìyá náà sì mi orí sí Olúdàpọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Vorbildlich," ni ó wí, pé ẹni àwòkọ́ṣe ni.

Olúdàpọ̀ jókòó sórí àga ńlá tí wọ́n pèsè fún un. Kò rí ibi tí yóò gbé ojú rẹ̀ sí. Tó bá gbé e sọ́tùn-ún, ìyá Lukas ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Tó bá gbé e síwájú, Bọ̀wálé wà ní fèrèsé, bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nídìí àwo, ó ń ka àwọn ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀.

Omi wà lórí tábìlì, iyọ̀ wà, oyin wà. Ìtùnú ti kìlọ̀ pé oyin kò gbọdọ̀ kan ọmọ tuntun lẹ́nu, òun ni yóò bá a tọ́ ọ wò. Àdúrà parí. Ó kù kí bàbá àgbà gbé ọmọ, kí ó sọ orúkọ sí i létí kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó gbọ́ ọ. Dúnní gbé ọmọ jáde láti yàrá, ó wé e sínú aṣọ funfun, ó ń rìn bí ẹni gbé ẹyin.

Olúdàpọ̀ na apá. Ó rí ojú ọmọ náà. Ó rí imú rẹ̀. Ọkùnrin tó ti fi ayé rẹ̀ wo ihò ìṣó àti ọ̀nà òróró, ohun tó kọ́kọ́ rí nìyẹn: ihò imú méjì tí kò fẹ̀ ju ihò ìṣó kékeré lọ, inú wọn sì ni gbogbo afẹ́fẹ́ tí ọmọ náà máa mí gbọ́dọ̀ gbà. Nígbà náà ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀fun rẹ̀ bọ̀.

Ó fa apá rẹ̀ sẹ́yìn, ó kọjú sí ògiri, ó wú u sí ìgbúnwọ́.

"Màmá Ìtùnú, má gbé e fún mi."

"Kí ló dé?" Dúnní ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ọmọ ń bà yín?"

"Má gbé e sún mọ́ mi. Mi ò gbà á."

"Kí lẹ ò gbà?"

"Abẹ́rẹ́. Irọ́ ni mo pa."

Kò sí ẹni tó pariwo. Ì bá dùn mọ́ ọn kí ẹnì kan pariwo. Dúnní fà sẹ́yìn. Lukas bi ìyàwó rẹ̀ ní èdè Jámánì pé kí ni bàbá wí, Ìtùnú sì sọ ọ́ fún un ní gbólóhùn kan, láìgbé ohùn sókè. Ìyá Lukas gbójú kúrò lára Olúdàpọ̀, ó ń wo oyin. Ìyẹn ló dùn ún jù, pé ó bọ̀wọ̀ fún un débi tí kò fi wò ó.

Ìtùnú gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fi í sí àyà.

"Dádì, mo bi Lukas ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo bi ìyá ẹ̀, mo tún bi dókítà wọn. Mọ́mì gan-an, mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì." Ó ń fọwọ́ pa ọmọ lẹ́yìn. "Ẹ̀yin nìkan ni mi ò tún bi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé wọn kì í bi àgbà lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá lọ fi Dádì Tọ́pẹ́ síbẹ̀ yẹn..."

Ó yíjú sí Bọ̀wálé ní fèrèsé.

"Mo mọ̀," ni Olúdàpọ̀ wí. Ó dìde lórí àga ńlá. Lukas mú ìbòmú kan wá, ó nà án sí i jẹ́jẹ́, Olúdàpọ̀ sì fi í bo ẹnu àti imú. Yàrá náà kò fẹ̀, síbẹ̀ ọ̀nà ibi fèrèsé gùn lójú rẹ̀ ju àtẹ̀gùn ilé gogoro èyíkéyìí tó gùn rí.

Bọ̀wálé kó agbádá rẹ̀ jọ, ó sún àga kan fún un.

"Jókòó," ni ó wí lábẹ́lẹ̀. "Afẹ́fẹ́ wà níbí."

"Bọ̀wálé, ṣe ni mo jẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ ṣẹ̀sín."

"Mo rí ẹ. Jókòó jàre, wọ́n ń dúró dè ẹ́. Orúkọ wo lo mú wá?"

Láti ibẹ̀ ló ti pe orúkọ náà. Orúkọ tó yẹ kó sọ sí etí ọmọ, tí ó ti ń fi pamọ́ láti oṣù mélòó kan, ó ní láti ké e la yàrá já láti ẹ̀yìn ìbòmú, bí ẹni tó ń pe èrò ọkọ̀: "Adéọpẹ́!" Dúnní tẹ̀ ba, ó wá tún un sọ sí etí ọmọ náà nípò rẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣe àmín. Wọ́n jẹun lẹ́yìn náà, wọ́n sì ṣe dáadáa sí i, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ oúnjẹ àti òtútù, bí àwọn èrò inú Aufzug tó há ṣe máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ó padà sí Wilhelmsburg, ó lọ sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀. Dókítà yẹ ikọ́ náà wò, èsì sì dé pé kì í ṣe Keuchhusten, ọ̀fìnkìn lásán ni. Olúdàpọ̀ mí kanlẹ̀. Àmọ́ ìtìjú náà kò fúyẹ́. Pé okùn kò já kò dá ẹni tí kò yẹ̀ ẹ́ wò láre. Ó ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ onílé rí.

Nígbà tí ikọ́ náà lọ tán, ó fa Bọ̀wálé lọ́wọ́, wọ́n jọ lọ gba abẹ́rẹ́. Olúdàpọ̀ ní kí dókítà ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, obìnrin náà sì jókòó, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní abẹ́rẹ́ náà kì í bá àìsàn jà. Ara ni ó ń fi díẹ̀ lára àìsàn náà hàn, kí ara lè mọ̀ ọ́n ní ọ̀tá. Ara nílò bí ọ̀sẹ̀ méjì láti kọ́ ọ, tó bá sì pẹ́, ó máa ń gbàgbé, ìdí tí wọ́n fi ń tún un gbà nìyẹn. Ó ní ó yẹ kó gba ti òtútù àyà náà, kó máa gba ti Grippe, ibà àti ikọ́ ìgbà òtútù, lọ́dọọdún kí òtútù tó mú. Ó tún ní òmíràn wà fún Gürtelrose, iná ara tó máa ń sùn sínú ẹni tí ṣíkínpọ́ọ̀sì ti mú lọ́mọdé, tó máa ń jí nígbà ogbó pẹ̀lú ìrora gidi.

"Àwa náà ní àsìkò àyẹ̀wò tiwa nìyẹn," ni Olúdàpọ̀ wí.

Dókítà rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, àpá Iléṣà náà yọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bọ̀wálé ti di ojú tipẹ́tipẹ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì kan tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ gún Olúdàpọ̀ nìkan ni Bọ̀wálé la ojú kan, ó ní òun fẹ́ rí i wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pe Ìtùnú.

"Mo ti gbà á."

"Ẹ ṣeun, Dádì." Olúdàpọ̀ ń gbọ́ bí Adéọpẹ́ ṣe ń ké lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ gbà á lóòótọ́?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ìtùnú, kò tíì bi bàbá rẹ̀ ní nǹkan lẹ́ẹ̀mejì rí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá já àmì ẹ̀yẹ kúrò láyà ẹni.

"Mo gbà á lóòótọ́," ni ó wí.

Nígbà tí àkókò tí dókítà dá ti kọjá, òun àti Bọ̀wálé tún wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin. Nínú Aufzug, kò fi etí lé ògiri. Ìtùnú ṣílẹ̀kùn, Adéọpẹ́ wà léjìká rẹ̀, ó ti sanra. Ó kí wọn, ó kúnlẹ̀. Ó wá wo Bọ̀wálé, kì í ṣe bàbá rẹ̀.

"Dádì Tọ́pẹ́, ṣé Dádì mi gbà á?"

"Ojú mi ló ṣe. Èmi náà gbà á. Ariwo mi dé Veddel."

Ó gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì fọwọ́ tán, Bọ̀wálé ló kọ́kọ́ gbé ọmọ fún, ó ní, "Ẹ ti dúró jù, sà." Bọ̀wálé gbà á, agbádá rẹ̀ bo ọmọ náà mọ́lẹ̀ bí ìbòrí, ó sì ń bá a sọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Olúdàpọ̀ dúró tì wọ́n. Kò sọ pé kó ṣe kíá.

Nígbà tó pẹ́, Ìtùnú gba ọmọ náà, ó yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Dádì, ẹ fọwọ́?"

Omi ṣì ń kán ní orí ìka rẹ̀, gbogbo wọn ló rí i.

"Mo fọ̀ ọ́."

Ó na apá méjèèjì, ó sì dúró kí Ìtùnú tún bi òun.